Ohm preamp àti ti power amp: kí wọ́n má dọ́gba ló dára

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń to ẹ̀rọ orin pọ̀ ló gbà pé impedance (ìdènà tí iná ohùn ń bá pàdé, tí wọ́n ń fi ohm wọ̀n) ní ẹnu ibi tí ohùn ti ń jáde lára preamp (ẹ̀rọ tó ń múra ohùn sílẹ̀) gbọ́dọ̀ bá ti ẹnu ibi tí ohùn ti ń wọ power amp (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára láti gbé sípíkà) dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló yẹ kí ti power amp fi ìlọ́po 10, ó kéré tán, ju ti preamp lọ.

Fóltì ni power amp ń gbà lọ́wọ́ preamp, impedance méjèèjì ló sì ń pín in láàárín ara wọn. Èyí tó bá tóbi ló ń mú ìpín tó pọ̀. Tí preamp bá jẹ́ 600 ohm, tí power amp náà jẹ́ 600, ìdajì fóltì ti ṣòfò nìyẹn, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tàbí lọlẹ̀) 6 gbáko. Ṣùgbọ́n tí preamp bá jẹ́ 100 ohm, tí power amp sì jẹ́ 10,000, ohun tó sọnù kò pé ìdá kan nínú 100. Ta ni etí rẹ̀ máa gbọ́ ìyẹn?

Ọ̀dọ̀ àwọn onítẹlifóònù ni àṣà 600 sí 600 ti wá. Wáyà tiwọn máa ń gùn ní ọ̀pọ̀ máìlì, tí orí àti ìdí rẹ̀ kò bá sì dọ́gba, ohùn á máa ta padà. Wáyà mítà méjì inú pálọ̀ kò mọ ìṣòro yẹn.

Preamp oní-tube (tó ń lo ọ̀pá gíláàsì bíi gílóòbù) ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Capacitor kan (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá ṣùgbọ́n tó ń dá iná DC dúró, tí wọ́n ń fi farad wọn títóbi rẹ̀) sábà máa ń wà lẹ́nu ibi tí ohùn ti ń jáde, òun àti impedance power amp ló sì jọ ń pinnu ibi tí béèsì ti máa ṣubú. Ká ní capacitor náà jẹ́ 0.47 microfarad, tí power amp jẹ́ 100,000 ohm: ní nǹkan bíi 3.4 hertz (iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni béèsì tó dín ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3, etí ènìyàn kò sì débẹ̀. Ẹ wá so preamp kan náà mọ́ power amp 10,000 ohm, ó di 34 hertz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, tó ń dún ní 41 hertz, á pàdánù dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 2 ó lé díẹ̀. Sípíkà ni wọ́n á wá máa bú, àwọn míì á tiẹ̀ lọ ra tuntun.

Ohùn tín-ín-rín náà ní tirẹ̀. Wáyà fúnra rẹ̀ máa ń ṣe bíi capacitor. Èyí tó ní 100 picofarad ní mítà kan, tó gùn tó mítà 10, tó wá jáde lára preamp 10,000 ohm, á ti máa gé ohùn láti nǹkan bíi 16,000 hertz. Tí preamp bá jẹ́ 100 ohm, wáyà yẹn kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ní gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí wọ́n ti ń pín ohùn mixer kan (ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀) fún power amp mẹ́rin, 20,000 ohm lọ́kọ̀ọ̀kan, 5,000 péré ni mixer ń rí, torí ọ̀nà mẹ́rin ni iná ń bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mixer oní 150 ohm á gbé e láìmira. Preamp tube oní 2,000 kò ní lè gbé e, torí 5,000 kò tó ìlọ́po 10 rẹ̀.