Àga mẹ́ta lábẹ́ ẹnì kan: bí bánkì Bẹ̀nẹ̀ ṣe fọ́ ní 1988 àti ibi tí ẹ̀bi ìjọba wà

Bí àwọn àgbà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) bá ń sọ̀rọ̀ ọdún tí owó oṣù kò jáde mọ́, orúkọ ènìyàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Ẹnì kan á ní Kérékou ni, ológun tó ń ṣe olórí ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Òmíràn á ní Cissé ni, aáfà ará Málì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní Nàìjíríà tó ti bodè ló kó bá wa. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ orúkọ ènìyàn kì í sọ bí owó ṣe jáde nínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀bi ìjọba wà gan-an, ohun tí yóò bèèrè ni pé: àga wo ni ìjọba jókòó lé nígbà tí owó náà ń lọ?

Ẹ wo bí àjọ ṣe ń rí ní ọjà Wàńdó, ní Àjàṣẹ́. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ tán lè wá yá níbẹ̀. Bí ìjà bá dé, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Ẹni mẹ́ta ni: olùtọ́jú, ayáwó, alámòójútó. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kì í bá ṣe ẹnì kan náà, ọ̀kan lè wo ojú èkejì kó sì sọ pé rárá. Agbára àtisọ pé rárá yìí ló ń dáàbò bo owó ìyá tó ń ta gàrí, kì í ṣe ìwà rere alájọ nìkan.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni mẹ́ta náà di ẹnì kan. Kérékou gba ìjọba ní 26 October 1972. Ní 30 November 1974 ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀, ìjọba sì gba àwọn bánkì sọ́wọ́. Mẹ́ta ló kù tí ará ìlú mọ̀: BCB fún òwò, BBD fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè, àti CNCA fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ olówùú ní Kétu, olùkọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, oníṣòwò ní Àjàṣẹ́, inú àpótí ìjọba ni owó gbogbo wọn ń bọ́ sí. Ìjọba ló ń yan ọ̀gá bánkì, òun náà ló sì lè yọ ọ́. Àga àkọ́kọ́ nìyẹn, ti olùtọ́jú.

Àga kejì ni ti ayáwó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. BCEAO, bánkì àgbà tí gbogbo ilẹ̀ tó ń ná sẹ́fà (owó CFA) ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ ní, ti fi ààlà sí ohun tó lè yá ìjọba kọ̀ọ̀kan: kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 owó orí tí ìjọba náà gbà ní ọdún tó kọjá. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ni ààlà yìí dè, kò de ilé-iṣẹ́ ìjọba. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá lọ yáwó ní bánkì ìjọba, wọn kò kà á mọ́ gbèsè ìjọba. Bẹ́ẹ̀, ìjọba kan náà ló ni ilé-iṣẹ́, òun ló ni bánkì, òun ni wọn yóò sì wá bá bí gbèsè náà bá fọ́. Ẹnu ọ̀nà iwájú wà ní títì, ti ẹ̀yìnkùlé sì ṣí gbayawu.

Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ nípa irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ níbẹ̀, owó yíyá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Oníìgbólò, ní ọ̀nà Kétu. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn tóbi tó, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìrèké ń bẹ lóko, ẹ̀rọ ń bẹ nílé, gbèsè sì ń lé sí i. Ó yẹ ká sọ èyí láìṣègbè: ìrònú tó bí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò burú. Ohun tó burú ni pé kò sí ẹni tí ipò rẹ̀ gbà á láàyè láti sọ lọ́dún kejì tàbí ìkẹta pé, ẹ dúró ná, èyí kò lè san án.

Ọ̀rọ̀ bodè ńkọ́? Ní April 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti bodè pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1986. Ohun tó ń gba bodè náà kọjá ni apá ńlá nínú owó tí àwọn aṣọ́bodè ń pa wọlé fún Bẹ̀nẹ̀. Náírà náà já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Àmọ́ òjò kì í wọ ilé tí òrùlé rẹ̀ pé. Bodè tí wọ́n tì ló fi ihò hàn, kì í ṣe òun ló lu ihò náà.

Àga kẹta ni ti alámòójútó. Nígbà náà, mínísítà ọ̀rọ̀ owó ló ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó yíyá nínú orílẹ̀-èdè. Ta ni mínísítà yóò wá fẹ̀sùn kàn? Ọ̀gá bánkì tí ìjọba òun yàn, tó yá ilé-iṣẹ́ ìjọba òun lówó? Inú irú àyè báyìí ni àwọn tó súnmọ́ ààfin ti ń gba owó láìsí ìdógò. Mohamed Amadou Cissé, olùdámọ̀ràn Kérékou, di ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní 1992 nítorí owó ìlú. Ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olè kan ṣoṣo kò lè tú bánkì mẹ́ta ká bí ilẹ̀kùn bá ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tó fi di 1988, bánkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní owó tí wọn yóò san fún ẹni tó wá gba tirẹ̀. Bí àìsàn náà ṣe ràn nìyí: bánkì gbẹ, àpótí ìjọba tó wà nínú bánkì gbẹ pẹ̀lú rẹ̀, owó oṣù kò jáde. Olùkọ́ kò rí owó oṣù fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àwìn. Ìyá tó ń tà á láwìn kò rí owó ra ọjà. Àjọ tí ìyá náà ń dá dúró. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé bánkì rí ní ayé rẹ̀ san nínú gbèsè náà. Ní 1989 ìyanṣẹ́lódì gba ìlú kan, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní June ọdún yẹn ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú IMF, àjọ owó àgbáyé, àti Bánkì Àgbáyé. Ní December ó kọ ọ̀nà Marx sílẹ̀. Láti 19 sí 28 February 1990, Àpérò Orílẹ̀-èdè jókòó ní Kútọnu lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, ó sì yan Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba (Prime Minister).

Bí wọ́n ṣe pín ẹ̀bi lẹ́yìn náà ló ká ni lára jù. Cissé lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kérékou tọrọ àforíjì, wọ́n sì fún un ní ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́. Ìbò ará ìlú gbé e padà sórí oyè ní 1996. Gbèsè àwọn tó fi owó pamọ́ sí bánkì bọ́ sọ́rùn ìjọba, èyí tó túmọ̀ sí pé owó orí ni wọ́n fi ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè tún dá sí owó tí wọ́n fi san án padà fún un. Àlàáfíà tí ìlú rí níbẹ̀ ṣe iyebíye, kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ, àmọ́ iye tó náni kò yẹ ní fífi pamọ́.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí ya àga sọ́tọ̀. Àwọn bánkì aládàáni wọlé. Ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè sẹ́fà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Abidjan tí yóò máa ṣọ́ bánkì gbogbo wọn. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó tún mú kí ẹ̀bi ṣòro ní wíwá. Ní 11 January 1994, ní Dakar, àwọn olórí ilẹ̀ sẹ́fà kéde pé fàráǹkì Faransé kan tó ń jẹ́ 50 sẹ́fà yóò di 100. Oògùn àti ìrẹsì láti òkè òkun wọ́n gógó ní Àjàṣẹ́. Àgbẹ̀ olówùú ní Kétu rí owó tó pọ̀ sí i lórí owú rẹ̀. Soglo, tó ti di ààrẹ nígbà náà, ni wọ́n ń pariwo lé lórí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìpinnu náà ti jáde.

Àga kan wà tí ìjọba kò lè fún ẹlòmíràn pátápátá, ti alámòójútó ni. ICC Services, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 2010. Kò ní ìwé àṣẹ láti gba owó ìpamọ́, síbẹ̀ ó ń gbà á ní gbangba, ó ń ṣèlérí èlé tí òwò kankan kò lè mú wá. Níbí, ìjọba kò ni ín, kò sì yáwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi tó kàn án ni pé ó rí i, kò dá a dúró. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pàdánù ipò rẹ̀. Ju ìdajì àwọn aṣòfin lọ, nínú ilé aṣòfin tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí, fẹ́ kí wọ́n gbé Ààrẹ Yayi Boni lọ síwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga tó ń gbọ́ ẹjọ́ ààrẹ àti mínísítà. Ṣùgbọ́n òfin ìpilẹ̀ ti 1990 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 56 nínú aṣòfin 83. Wọn kò pé bẹ́ẹ̀. Yayi Boni tún wọlé ìbò ní March 2011. Ẹjọ́ àwọn olórí ICC Services fúnra wọn dúró títí di 2019, kí CRIET, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ owó, òun náà ní Àjàṣẹ́, tó dá wọn lẹ́bi, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí owó ti lọ.