Ìsinmi Gígùn Kọ́ Ló Ń Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni

Ní Adó-Èkìtì, bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ pé òun fẹ́ gba ìsinmi oṣù mélòó kan kí òun lè rìnrìn àjò, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé kò sí o? Àbí wọ́n ti lé ọ?" Níbi iṣẹ́, wọ́n á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kó tó dé, ẹlòmíì á ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn lo ọdún iṣẹ́ wọn tán láì kúrò nílé, àyàfi tí òkú tàbí ìgbéyàwó bá pè wọ́n. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì.

Irọ́ ni. Ìsinmi tó ní ìwé nídìí kì í gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Gbígbéra lọ láì gbàyè ló ń gbà á. Nínú òfin iṣẹ́ ọba, ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ láì gbàyè ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí wọ́n lè torí rẹ̀ lé e kúrò.

Ohun méjì yìí ni wọ́n ń dà pọ̀, mo sì mọ ohun tó tún dá kún un. Ní oṣù Okúdù 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti kó lọ sókè òkun, tí wọ́n ṣì ń gbowó oṣù láì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, dá owó náà padà, kí àwọn ọ̀gá tó bò wọ́n láṣìírí náà sì jìyà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti dárúkọ ìrìn àjò, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i?" Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò gba ìsinmi kankan. Wọ́n sá lọ ni.

Ẹ wo ohun tí ìlànà sọ. Lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 07 sókè ní ìsinmi ọjọ́ 30 lọ́dún. Ipele 04 sí 06 ní ọjọ́ 21. Ipele 03 sísàlẹ̀ ní ọjọ́ 14. Ẹ̀tọ́ nìyẹn, kì í ṣe ojú àánú ọ̀gá. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyè ni èèyàn ń tọrọ, ọ̀gá sì lè sọ pé rárá. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, irú àwọn tó wà ní Adó àti Ọ̀yẹ́, sábà máa ń ní àǹfààní ìsinmi ọdún kan gbáko lẹ́yìn ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn máa ń lọ. Wọ́n ń padà wá, àga wọn sì wà níbẹ̀.

Lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ẹni tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ pé. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó dípò ìsinmi náà nígbà tí èèyàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé aládàáni tí kò ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí. Ìbẹ̀rù tiwọn kì í ṣe lásán, nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa fi hàn tí wọ́n bá dé bá ẹlòmíì ní kíláàsì wọn.

Ìwé tí wọ́n fi fún yín láyè ìsinmi ni kókó. Kí ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí àti ọjọ́ tí ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ìwé ìfiṣẹ́léni lọ́wọ́ tẹ̀ lé e: fáìlì wo ló wà lọ́wọ́ ta, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́, iṣẹ́ wo ni kò tíì parí. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín náà á buwọ́ lù ú. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ gbé e sílé. "Máa lọ, mo ti gbọ́" tí ọ̀gá fẹnu sọ kò tó, torí wọ́n lè gbé ọ̀gá náà lọ ibòmíì kí ẹ tó dé, ẹni tuntun ò sì mọ̀ yín rí.

Àwọn míì á ní iṣẹ́ kì í pani. Lọ́dún 2021, àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé gbé e jáde pé iṣẹ́ àṣejù pa nǹkan bí 745,000 èèyàn lọ́dún 2016 nìkan, nípasẹ̀ rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 lọ sókè lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sún mọ́ rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ.

Kò sì dìgbà tí èèyàn bá wọ bàálù. Àwọn ọmọ Èkìtì pọ̀ tí wọn ò tíì dé Ìkógòsì rí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé, tàbí òṣòòrò omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò. Àpáta Àrìnta náà ń béèrè orúnkún, ẹni tó bá ń dúró de ọgọ́ta ọdún kó rántí ìyẹn. Tí wọ́n bá ti ń gbé ìwé tí wọ́n fi ń to ìsinmi ọdún kiri ọ́fíìsì, ẹ kọ orúkọ yín sí i kí ààyè tó kún.