Ọ̀nà àrìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe "ihò abẹ́ omi"

Ẹni tó kọ́kọ́ pe irú ọ̀nà ọkọ̀ ìsàlẹ̀ òkun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "immersed tunnel" ní "ihò abẹ́ omi" ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Okété ló ń gbẹ́ ihò. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọ̀nà yìí ní ègé-ègé, kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ rì. "Afárá abẹ́ omi" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ní "ọ̀nà ìrìbọmi" gbìyànjú díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ṣe ìrìbọmi á jáde. Eléyìí ò ní jáde mọ́. "Tọ́nẹ́ẹ̀lì" ńkọ́? Kò sọ nǹkan kan fún ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́.

Àrìmọ́lẹ̀ ni tèmi. Apẹja Ìjẹ̀bú tó ń ri òpó mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà mọ̀ pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ náà sọ pọ̀: ó wọ omi, ó sì dúró gbọin.

Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì òróró tó ṣófo, ẹ dé e pa, ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀sà: á léfòó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ rì, á tún yọrí, àfi bí ẹ bá rọ omi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ègé ọ̀nà yìí rí. Wọ́n á mọ ògiri dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi á fà á dé orí kòtò gbọọrọ tí wọ́n ti wà sísàlẹ̀ òkun, wọ́n á wá rọ omi sínú àwọn táǹkì inú rẹ̀ títí á fi rì. Irin ni o, kọnkéré ni o, ìyẹn ò kàn mí.

Oríkèé ló gba ọgbọ́n. Rọ́bà nínípọn yí ẹnu ègé tuntun ká. Tí ó bá ti kan ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n á fa omi tó há sáàárín ògiri méjèèjì jáde. Òkun tó wà lẹ́yìn á wá fúnra rẹ̀ ti ègé náà síwájú, rọ́bà á fún pinpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da kọnkéré sínú rẹ̀ rọ́pò omi táǹkì, wọ́n á sì fi yanrìn àti òkúta bò ó. Bí ìwúwo rẹ̀ ò bá tó, á fẹ́ gbérí bíi kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Kí ló dé tí wọn ò fi afárá nìkan kọjá? Ní ọ̀nà orí òkun Chesapeake, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 1964, àwọn ológun ojú omi ń bẹ̀rù pé bí afárá bá wó, á há ọkọ̀ ogun mọ́ èbúté wọn ní Norfolk. Ní Øresund, láàárín Denmark àti Sweden (2000), òpó afárá gíga ì bá dí bàálù lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Kastrup. Ni wọ́n bá fi yanrìn àti òkúta ṣe erékùṣù, kí afárá lè balẹ̀ síbẹ̀ kó tó di ọ̀nà àrìmọ́lẹ̀.

Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Tó bá kó sínú kòtò kí ègé tó dé, ìdí rẹ̀ ò ní jókòó dáadáa. Lórí iṣẹ́ ọ̀nà tó so Hong Kong mọ́ Zhuhai àti Macau ní China, tó ní ègé 33, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tó gùn tó mítà 180, ni wọ́n wọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹrẹ̀, kó tó rì sáyè rẹ̀ ní 2015.