Ohun tó ń gbé ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ ró ní Iléṣà

Ẹni tó bá ṣí ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ ti mọ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ pé arákùnrin yóò fẹ́ arábìnrin. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ló ń mú kí èèyàn máa ṣí ewé lọ: bí ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún kò bá tètè dé, ṣé ìwà wọn yóò ṣì rí bó ṣe rí nígbà tí nǹkan rọgbọ? Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ òǹkọ̀wé dúró lé. Bó bá gbàgbé rẹ̀, ìwàásù tí wọ́n wọ aṣọ ìyàwó fún ló kọ.

Ìṣòro inú ìtàn gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, kó sì ní iye. “Nǹkan le fún wọn” kò tó. Ẹni tó ń kọ ìtàn Iléṣà kò ní láti wá ìṣòro lọ jìnnà. Ní oṣù keje ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kan láìpé. Òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 1 sí 7 ń gba owó rẹ̀ pé, ipele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, láti ipele 12 lọ sókè sì ń gba ìdajì. Ká ní olùkọ́ girama kan wà ní ipele 12, tó ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tó sì ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nítorí ìdána. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní ipele 7, owó tirẹ̀ ń wọlé pé. Kí oṣù méjì tó pé, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní ọ̀gá ti ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ṣé yóò gbà á láì fi ìbínú bojú? Ṣé arábìnrin náà yóò fún un láì sọ ọ́ létí ẹgbẹ́ akọrin? Ibí yìí ni ìdánwò wà. Ìgbàgbọ́ tó ń ṣe ìṣọ́ òru rọrùn ju èyí tó ń gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ obìnrin lọ.

Àwọn tí kò mọ irú ìtàn yìí a máa béèrè adùn tó wà nínú ìfẹ́ tí kò sí ìfẹnukonu. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, kọmití ìgbéyàwó ló ń ṣọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà. Wọn kò gbọdọ̀ sùn sílé ara wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Òfin yìí ń bá òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́ ni. Níbi tí ara kò ti gbọdọ̀ kan ara, ohun kékeré a di ńlá. Òjò ká àwọn méjèèjì mọ́ abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jà Àtákúmọ̀sà, arákùnrin bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ òjò sí, ó dúró síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó tó bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá tún fi kún un pé ọkàn arábìnrin ń lù kìkì ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìwé Rúùtù ti ṣe é ṣáájú gbogbo wọn, ní orí mẹ́rin péré. Ìyàn mú, ọkọ obìnrin mẹ́ta kú, opó tó jẹ́ àjèjì wá ń pèéṣẹ́ kó lè rí jẹ. Bóásì tó ni oko kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún un. Ó ní kí àwọn olùkórè mọ̀ọ́mọ̀ máa fi ìkúnwọ́ ọkà sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí. Áńgẹ́lì kankan kò yọjú nínú ìwé náà. Ọwọ́ èèyàn ni ìdáhùn ń gbà dé.

Ibi tí ìtàn wọ̀nyí ti ń yẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin nínú oyún kọ̀ọ̀kan, bí àkọ́bí bá sì bọ́ síbi tó dáa, kò dín ewu èkejì kù. Iléṣà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí èyí. Òkè-Ooyè níbẹ̀ ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, tí èrò ń wọ́ wá fún àdúrà àti omi tí wọ́n gbàdúrà sí. Nínú ìlú kan náà ni Wesley Guild wà, ilé ìwòsàn tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tó ti di apá kan ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ilé-Ifẹ̀. Ìyá àgbà lè jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, ọmọ kan náà ni wọ́n jọ nífẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí ìjà wọn fi ń dùn ún kà. Òǹkọ̀wé tó bá wá ní kí AS di AA lẹ́yìn àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ti sá fún ìjà náà. Ẹnìkan wà láàárín àwọn òǹkàwé tó gba àwẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí èsì rẹ̀ kò yí padà, ohun tí ìtàn náà sì ń sọ fún un ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ó sàn kí àwọn àfẹ́sọ́nà náà túká ní orí kìíní, kí ìyókù ìwé jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin tó gbọ́ràn, tó ń sunkún, tí ẹlòmíràn sì wá ń bẹ̀ láti fẹ́.

Bó bá jẹ́ ìṣòro tó ní ọjọ́ là ń wá, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti 2022 náà wúlò fún ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọjọ́ olólùfẹ́ gan-an, ó sì gba oṣù mẹ́jọ.

Ní ti àdúrà, eré ẹgbẹ́ òṣèré onígbàgbọ́ Mount Zion, tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, ti mọ́ wa lára. Ohùn, ìlù àti ojú òṣèré ló ń gbé àdúrà inú fíìmù. Ìwé kò ní ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà àdúrà tó bá gùn ju ìlà márùn-ún lọ, òǹkàwé á fò ó.

Ìparí ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré jù. Ìgbéyàwó tí wọ́n bá fi sí 2016 kò lè bá owó oṣù pípé pàdé, ìjọba kò tíì dá a padà nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n tó fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lójijì kò yẹ níbẹ̀. Kí wọ́n kéde orúkọ wọn ní ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, kí ìyá ìyàwó dín iye ìkòkò tó fẹ́ gbé kaná kù, kí ẹgbẹ́ akọrin dáwó ra omi inú ọ̀rá. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni yóò sì jọ máa san án.