Midnight Choir

Midnight Choir jẹ́ ẹgbẹ́ olórin láti orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Americana ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àmúlùmálà kọ́ńtírì, fóòkù àti rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gìtá onígi, èyí tí kò lo iná, sì ni òpó rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni rọ́ọ̀kì ń gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin. Wọ́n tú ká ní ọdún 2004.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìró wọn

Mẹ́ta ni wọ́n: Paal Flaata tó ń kọrin, Ron Olsen tó ń ta gìtá básì, àti Al DeLoner, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Atle Bystrøm. DeLoner ló ń ta gìtá, òun náà ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Kò sí onílùú láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlejò ni wọ́n máa ń pè fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ onílùú yìí ṣe pàtàkì. Níbi tí ìlù kò bá sí, ọwọ́ tó ń ta gìtá àti básì ni yóò máa di ìṣísẹ̀ orin mú. Orin Midnight Choir sì máa ń falẹ̀: àlàfo àárín ìró kan sí èkejì gùn, bí básì bá fi díẹ̀ ṣáájú ohùn, etí á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ Flaata, tó nípọn tó sì lè na ọ̀rọ̀ kan pẹ́, ló ń kún àlàfo náà.

Ìṣòro mìíràn wà fún ẹgbẹ́ onígìtá onígi tó bá ń sún mọ́ rọ́ọ̀kì. Bí ìlù àti gìtá oníná bá wà lórí ìtàgé kan náà, ìró tó ń jáde láti inú sípíkà á padà wọ ihò gìtá onígi, pátákó rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Rọ́bà ni àwọn olórin fi ń dí ihò náà, tàbí kí wọ́n dín ìró ìsàlẹ̀ kù lórí ẹ̀rọ.

Àwọn àwo orin

Àwo àkọ́kọ́, tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, jáde ní 1994; Olsen's Lot tẹ̀ lé e ní 1996. Inú Amsterdam Stranded (1998) ni ìyípadà sí rọ́ọ̀kì ti hàn gbangba. Chris Eckman, ti ẹgbẹ́ The Walkabouts láti ìlú Seattle, ló darí gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Unsung Heroine jáde ní 2000, Waiting for the Bricks to Fall ní 2003. Ilé iṣẹ́ Glitterhouse ní Jámánì gbé iṣẹ́ wọn jáde fún àwọn olùgbọ́ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìtúká

DeLoner àti Flaata dá kọrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láàárín 2012 sí 2015, Flaata gbé àwo mẹ́ta jáde láti fi kọ orin Chip Taylor, Mickey Newbury àti Townes Van Zandt, àwọn akọrin Amẹ́ríkà tí orin wọn ṣeé kọ pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo.