Lílo skáànù alágbèéká láti mọ ẹni tí a ó kọ́kọ́ tọ́jú nígbà àjálù

Skáànù alágbèéká ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, tó ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ya àwòrán inú ara (ultrasound), tí dókítà lè gbé dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Nígbà tí àjálù bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé-ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń fi í wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn tàbí àyà rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ fún títo àwọn tó farapa ni START, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní California lọ́dún 1983. Ó ń wo bí èèyàn ṣe ń mí, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣàn, àti bóyá ó ń gbọ́ràn. Káàdì aláwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé ó lè dúró ná, ni wọ́n ń fún ẹni tó lè rìn. Àmọ́ ẹni tí ọlọ-inú rẹ̀ ti ya ṣì lè rìn, kó máa dáhùn ìbéèrè, kó tó dákú nígbà tó bá yá, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni skáànù wúlò fún jù lọ.

Ohun tí wọ́n ń wá

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ni FAST, ìyẹn skáànù kíákíá láti wá ẹ̀jẹ̀ nínú ara ẹni tó farapa. Ibi mẹ́rin ló ń yẹ̀ wò: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́yìn àpò ìtọ̀, àti àyíká ọkàn.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á fi jẹ́lì sí i, wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ náà sáàárín egungun ìhà, nísàlẹ̀ abíyá. Ẹ̀dọ̀ á hàn ní àwọ̀ eérú tó dán mọ́rán, kíndìnrín á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí èso ẹ̀wà tí inú rẹ̀ funfun. Níbi tí àwọn méjèèjì ti fara kanra, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ ibẹ̀, ìlà náà á là, dúdú á sì dúró láàárín. Ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń gbá jọ síbẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó dára kí ẹni tó ń ṣe é rọra sún ẹ̀rọ náà títí dé etí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Nǹkan bíi 200 mílílítà sókè ni ojú sábà máa ń rí.

Nínú eFAST, ìyẹn FAST tí wọ́n mú gbòòrò sí i, wọ́n á tún wo ẹ̀dọ̀fóró. Awọ méjì tó bò ó máa ń yọ̀ lórí ara wọn bí èèyàn ṣe ń mí. Bí wọn kò bá yọ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọ àárín wọn.

Ààlà rẹ̀

Skáànù tí kò rí nǹkan kan kò túmọ̀ sí pé ewu ti lọ. Ìfun tó lu lè má hàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ikùn níhà ẹ̀yìn. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é náà ṣe pàtàkì púpọ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń tún un ṣe.

Ìtàn

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Armenia ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, 1988, wọ́n fi skáànù yẹ 400 aláìsàn wò ní ilé-ìwòsàn kan ní Yerevan láàárín wákàtí 72; nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lo èyí tó ṣeé gbé káàkiri ní Haiti lọ́dún 2010. Lónìí, àwọn skáànù kan wà tí wọ́n ń so mọ́ fóònù.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó

Irú àjálù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, 2020, ohun abúgbàù tí ọkọ̀ kan kó bú lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ihò ńlá sì ya lójú títì. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Àgùdà St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tó kú kò dín ní 40, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ tó farapa lọ sí FMC Ọ̀wọ̀, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní ti ọta ìbọn, ẹ̀jẹ̀ tó bá hàn nínú ikùn sábà máa ń mú iṣẹ́ abẹ yá. Bí kò bá sì hàn, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ aláìsàn náà nítorí ìfun. Bí wọ́n bá ń gbé aláìsàn láti Ọ̀wọ̀ wá sí ilé-ìwòsàn olùkọ́ni UNIMED (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn) ní Àkúrẹ́, ó yẹ kí aago tí wọ́n ṣe skáànù àti ohun tí wọ́n rí wà lára káàdì tí wọ́n so mọ́ ọ lọ́wọ́, kí àwọn tó máa gbà á lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tuntun ti dé.