Láti ẹnu ọ̀nà ní Bradford dé ọjà ìpín London: bí òwò àwìn ṣe di ṣíà

Ní Bradford, ìlú tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hunṣọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ adójútòfò, Joshua Kelley Waddilove lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń rí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà kò ṣàjèjì sí àwa náà. Owó ọ̀sẹ̀ tí ọkọ ń mú wálé tó jẹun, ṣùgbọ́n bí bàtà ọmọ bá já, tí òtútù sì ti dé, kò sí ibi tí ìyàwó ilé ti máa rí owó bàtà lẹ́ẹ̀kan náà. Báńkì ò mọ̀ ọ́n. Ibi tó kù fún un ni ilé ìdógò, níbi tí àwọn ìdílé kan ti ń fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì dógò lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n á lọ gbà á padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ìjọ́sìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní 1880, Waddilove bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìrajà. Ìwé náà kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ti bá a ṣàdéhùn máa ń gbà á bí owó. Ìyá ọmọ á mú un lọ, á gbé bàtà, á gbé aṣọ òtútù, á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ètò náà gbilẹ̀, ìṣirò rẹ̀ ò le: ìwé pọ́nùn kan, ìyẹn 20 ṣílè, wọ́n á san ṣílè kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 21. Ṣílè kan tó lé yẹn ni èlé tí ojú rí. Èyí tí ojú ò rí wà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, nítorí òun náà ń yọ nínú owó ọjà rẹ̀ fún ẹni tó mú oníbàárà wá bá a. Ní 1899, òwò náà di ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, Provident Clothing and Supply. Aṣọ ló ṣáájú nínú orúkọ yẹn.

Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà á ti máa rẹ́rìn-ín. Aṣọ ni àwọn náà gbé kiri abúlé, àwìn ni wọ́n ń tà á, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dá pé àwọn ń bọ̀ wá gbowó, wọ́n á dé. Bí onígbèsè bá ní owó ò tíì sí, òṣómàálò ò ní jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Òṣó ni màá lò títí n ó fi gbowó mi, ló wí. Bradford ò kọ́ ọ lọ́wọ́ Iléṣà, Iléṣà ò sì kọ́ ọ lọ́wọ́ Bradford. Àìlówó lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Àmọ́ òṣómàálò ló ni aṣọ, òun ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, òun ló jẹ èrè. N ò gbọ́ ọ rí pé òṣómàálò kan gé òwò rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó tà á fún àwọn tí kò mọ ojú ọ̀nà abúlé tó ti ń gbowó. Ohun tí Provident ṣe nìyẹn. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ náà wọ ọjà ìpín ní London, ẹnikẹ́ni tó lówó sì lè ra ṣíà rẹ̀, ìyẹn ìpín nínú òwò náà.

Kí ni ẹni tó ra ṣíà náà rà gan-an? Ilé-iṣẹ́ náà kò lẹ́rọ ńlá, kò ní ilẹ̀ tó ń wa góòlù. Ajẹ́ńtì ló ní. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àdúgbò kan náà ni àwọn àti oníbàárà sì sábà máa ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí owó ọ̀sẹ̀ ṣì gbóná lọ́wọ́, ajẹ́ńtì á kanlẹ̀kùn. Á wọlé, á kí àwọn ọmọ, wọ́n lè bu tíì fún un. Á gba owó, á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé oníbàárà. Ó mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níbi iṣẹ́, ó mọ ẹni tó ń fara pa mọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Orí owó tó bá gbà bọ̀ ni wọ́n sì ti ń san kọmíṣọ̀n fún un, kì í ṣe orí èyí tó yá jáde. Bó bá yá ẹni tí kò ní lè san lówó, ara rẹ̀ ló pa lára. Lójú tèmi, òye tó wà nínú ìlànà kan yẹn ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀gá báńkì lọ.

N ò sọ pé òwò àánú ni o. Nígbà tí owó gidi ti rọ́pò ìwé ìrajà, ó dé ìgbà kan tí èlé orí àwọn ẹ̀yáwó rẹ̀ kan ju 500% lọ lọ́dún bí wọ́n bá fi òdiwọ̀n ọdún kan wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá pẹ́ san kò ní rí owó ìtanràn lórí gbèsè rẹ̀, iye tí wọ́n dá fún un lọ́jọ́ kìn-ín-ní náà ni yóò san. Síbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé sógundógójì tó gbé kóòtù wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Ní 2006, Competition Commission, àjọ ìjọba tó ń wádìí bí ọjà ṣe ń lọ, sọ pé ìdíje láàrin àwọn ayánilówó-délé kò tó, pé owó tí oníbàárà ń san sì ti ga jù.

Àwọn oníṣíà kéékèèké mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ń rà. Èrè orí ìpín, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn oníṣíà rẹ̀, ló fà wọ́n. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá ohun tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún, kò ní ṣàì gbọ́ orúkọ Provident. Nígbà tí àwọn báńkì ńlá ń wó ní 2008, ilé-iṣẹ́ yìí ò dín èrè ìpín kù. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà: owó tí òun fúnra rẹ̀ yá, ọdún púpọ̀ ló fi ń san án, èyí tó ń yá aráàlú, bí ọdún kan báyìí ló fi ń padà wálé. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, 2007, ló ti ya ẹ̀ka ti òkè òkun sọ́tọ̀ di International Personal Finance, tó ń kanlẹ̀kùn ní Pólándì àti Mẹ́síkò. Nílé, ó ti dá Vanquis Bank sílẹ̀ fún káàdì àwìn. Ní Oṣù Kejìlá 2015, ó bọ́ sínú FTSE 100, láàrin àwọn ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́jà London. Èrè ìpín 2016 jẹ́ 134.6 pẹ́ńsì lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Neil Woodford, tí okìkí rẹ̀ kàn nídìí títọ́jú owó oníowó, kó ṣíà náà jọ rẹpẹtẹ, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní in láìmọ̀, nípasẹ̀ owó tí wọ́n kó fún un.

Ìgbà náà ni wọ́n wá fọwọ́ kan àwọn ajẹ́ńtì, ẹsẹ̀ tí òwò náà fi ń rìn. Ìpinnu àwọn ọ̀gá ni pé kí àwọn ajẹ́ńtì bí 4,500, tí wọ́n dá dúró fúnra wọn, kúrò níbẹ̀, kí àwọn 2,500 tó jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù rọ́pò wọn, kí kọ̀ǹpútà sì máa sọ ilé tí wọ́n máa kàn fún wọn. Oṣù Keje 2017 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ò péye, ìlànà ìrìn tó ń là kalẹ̀ ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ajẹ́ńtì tó mọ ilé náà dáadáa ti lọ. Ta ni yóò wá bu tíì fún àlejò?

Ìkéde dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹjọ 2017. Nínú gbèsè tó yẹ kó wọlé, 57% ni wọ́n ń rí gbà, bẹ́ẹ̀ 90% ni lọ́dún tó ṣáájú. Àdánù ẹ̀ka ayánilówó-délé máa tó 80 sí 120 mílíọ̀nù pọ́nùn. Kò sí èrè ìpín mọ́. FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wádìí Vanquis, Peter Crook tó jẹ́ ọ̀gá àgbà sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọjà tó pa lọ́jọ́ náà, ṣíà tó ju 17 pọ́nùn lọ lánàá ti já sí bíi pọ́nùn mẹ́fà. Nínú Oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú FTSE 100.

Ní Oṣù Kejì 2018, ilé-iṣẹ́ náà yanjú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú FCA, ó sì na ọwọ́ sí àwọn oníṣíà rẹ̀ fún 331 mílíọ̀nù pọ́nùn: ẹni tó ní ṣíà 24 lè ra 17 sí i ní 315 pẹ́ńsì. Bí àdánù ti pọ̀ tó, inú ọjà dùn sí i, ṣíà náà sì fò sókè lọ́jọ́ ọ̀hún. Ọdún kejì, Non-Standard Finance, ilé-iṣẹ́ ayánilówó mìíràn, fẹ́ fi tipátipá rà á, John van Kuffeler tó ti jẹ olórí Provident rí ló ṣíwájú wọn, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbówó, ẹ̀sùn àwọn oníbàárà pé wọ́n yá àwọn ní owó tí apá àwọn ò ká sì ń rọ́ wọlé lọ́tùn-ún lósì.

Ní Oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n kéde pé àwọn máa pa ẹ̀ka ayánilówó-délé náà tì, lẹ́yìn ọdún 141. Ṣíà náà ò kúrò lọ́jà. Vanquis ni wọ́n ń pè é láti 2023. Ní ti àwọn oníbàárà, wọ́n ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ mọ́ bí 31 Oṣù Kejìlá 2021 bá ti kọjá, gbèsè tó bá ṣẹ́ kù ti parẹ́. Òṣómàálò dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìgbowó.